Ẹ Jẹ́ Ká Wá Orúkọ Àwọn Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Tó Bógun Lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, tí í ṣe àyájọ́ òpin ogun abẹ́lé lọ́dún 1970, wọn a gbé òdòdó kalẹ̀ fún àwọn sọ́jà tó ti lọ, wọn a fọn fèrè, wọn a tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ta gan-an là ń dákẹ́ fún? Ẹbí tí ọmọ wọn lọ ogun Hítílà tí kò padà wálé yẹ kó lè tọ́ka sí orúkọ rẹ̀.

Orúkọ náà ṣeé wá. Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn sọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà ogun, ti kó orúkọ àwọn tó kú láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1947 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn tó kú ní Bọ́mà tí a kò mọ sàréè wọn wà lára Rangoon Memorial, ọwọ̀n ìrántí tó wà ní Taukkyan ní Bọ́mà níbẹ̀, níbi tí orúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé orúkọ ìdílé ni wọ́n ń tẹ̀. Láyé ìjọ́un, akọ̀wé ológun sábà máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìkẹyìn fún sọ́jà. Lawani lè di Lawani Epe tàbí Lawani Ijebu. Bó bá jẹ́ ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ìran àwọn ará Èkó tó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó lè di Lawani Lagos. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ wò, títí kan Eppe tí àwọn òyìnbó ń kọ nígbà kan. Buraimo lè jẹ́ Braimah, Braimoh tàbí Ibrahim. Bí orúkọ mẹ́ta bá jọra, nọ́ńbà sọ́jà ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́tà NA ló máa ń ṣíwájú nọ́ńbà ti ọmọ Nàìjíríà. Ẹ má retí nọ́ńbà yìí lára àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún àwọn tó jagun ní Bọ́mà, wọn kì í sábà kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà sí i.

Ti ogun 1914 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2021, àjọ náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn ni wọn kò kọ orúkọ wọn, pàápàá àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, àti pé wọn kò bu ọlá dọ́gba fún àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ẹni yín, ẹ má sọ pé àwọn àgbà purọ́. Ẹ kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀: orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìyá, agboolé.

Ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ẹbí ló ká mi lára jù. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin nínú àpótí, ojú ìṣẹ́po ló ń kọ́kọ́ ya, nọ́ńbà a sì bá a lọ. Ẹ rọra tẹ́ ẹ, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé. Ooru rẹ̀ ń ba yíǹkì jẹ́, ọ̀rá náà kò sì ṣeé bó mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìbílẹ̀ wa ni kí wọ́n ṣí ìwé kan fún orúkọ wọ̀nyí kí oṣù Kìíní tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí fèrè tó dún.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé yín láti Ẹ̀pẹ́