Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Hillsborough, Carriacou,
Grenada.
Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ àti bàbá wọn. Mo bá yín yọ̀ lórí ilé tuntun. Yóò tura o. O bi mí léèrè ohun tí mo ṣì ń ṣe ní erékùṣù tí ìjì ti bàjẹ́ tó báyìí, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé.

Kò sí odò kankan ní Carriacou. Òjò tó bá ṣàn láti orí páànù sínú kòtò omi tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni a ń mu, òun náà la fi ń fọṣọ, nítorí náà nígbà tí ìjì Beryl ká òrùlé lọ ní ọjọ́ 1, oṣù Keje ọdún tó kọjá, ilé àti omi ló bá a lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá àgbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ rántí ìjì Janet ọdún 1955 dáadáa, síbẹ̀ Beryl ló ń dẹ́rù bà á lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gbà (mangrove), igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ létí òkun, ló gbà mí lọ́kàn jù. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó sá pamọ́ sáàárín igi wọ̀nyí ní Tyrrel Bay gun orí ara wọn, ìjì sì bọ́ ewé igi náà títí ó fi kù gbòǹgbò àti ẹ̀ka gbígbẹ. Ẹ̀gbà pupa tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti ṣẹ́ kì í sábà rúwé mọ́. Àfi kí a gbin òmíràn. Èso rẹ̀ a máa hù lára ìyá rẹ̀ kó tó já bọ́ sínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó kù kò pọ̀, nítorí náà a máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi láti ṣa ìwọ̀nba tí a bá rí. KIDO, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo àyíká níbí, ti ń gbìn ín ní etí òkun Petite Carenage kí Beryl tó dé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ náà ni èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi ṣe é báyìí. Bí ewé òkun bá ya wá, a ní láti ṣa á kúrò lórí ọ̀dọ́ igi kó má baà pa wọ́n. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Orúnkún ni àwọn igi tí a gbìn ga dé. Ọjọ́ 1 oṣù tó ń bọ̀ ni àsìkò ìjì yóò bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì lè dá ìgbì kankan dúró lọ́dún yìí.

Màmá mi ń pè mí lójoojúmọ́ pé kí n máa bọ̀ wálé. Jọ̀wọ́, lọ bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé mi ò ní lè fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ ní àsìkò yìí, pé n óò wálé ní oṣù Kejìlá. Má sọ fún wọn pé a kò tíì kan páànù yàrá mi tán.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àyọ̀ká