Ẹ Má Dá Wáìnì Padà Torí Ó Kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ọtí ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọjà Ayétòrò. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fi gbé bírò.

Lóṣù tó kọjá, ìdílé kan tó ń ṣe ìgbéyàwó ra páálí mẹ́fà wáìnì funfun lọ́wọ́ mi. Chenin Blanc ni, orúkọ irú àjàrà tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn, láti Gúúsù Áfíríkà. Ọjọ́ kejì òde, wọ́n gbé páálí mẹ́rin padà. Wọ́n ní ó kan, wọ́n ní ayédèrú ni, pé ti Faransé nìkan ni ojúlówó. Ìyá ìyàwó dúró láàárín àwọn oníbàárà mi, ó ní, "Dúdú bíi tiwa ló pọn ọ́n, kí lẹ tún ń retí?"

Mo dá owó wọn padà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi, torí ọwọ́ mi yìí ti já èso náà rí. Ìkórè mẹ́rin ni mo bá wọn ṣe nínú ọgbà àjàrà kan ní Paarl, tí kò jìnnà sí Cape Town, kí n tó padà wálé. Igi ibẹ̀ ti gbó, kò ga tó àyà mi, wọn ò fi wáyà gbé e ró, òun nìkan ló ń dá dúró lórí iyanrìn. Oṣù kejì ọdún la máa ń já a, ìgbà tí oòrùn ibẹ̀ ń mú gan-an, nítorí náà ìdájí la ti ń wọ oko kí èso tó gbóná. Wọ́n ń pè é ní funfun, àmọ́ àwọ̀ ewé ni, tó bá gbó dáadáa a máa rí bí oyin. Omi rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àlùmọ́gàjí, á lẹ̀ mọ́ ìka, kòkòrò oyin á máa tẹ̀ lé wa láti ọwọ́ ebè dé ọwọ́ ebè. Níbi ìfúntí, wọ́n á yọ èèpo kúrò lára omi náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo jẹ ẹ́ lórí igi: ó dùn, ó sì kan, bí àgbálùmọ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ta ló ń gbé àgbálùmọ̀ padà fún alátẹ torí ó kan?

Lóòótọ́, Faransé ni irú àjàrà yìí ti ṣẹ̀, ní etí odò Loire, ní agbègbè Anjou. Àwọn Òyìnbó Dọ́ọ̀ṣì tí Jan van Riebeeck ṣolórí fún gbin àjàrà sí Cape ní 1655, wọ́n sì fún wáìnì àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1659. Steen ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe èyí tí mò ń sọ. Àárín àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ tó rí i pé Steen àti Chenin Blanc, ọ̀kan náà ni. Lónìí, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí ní Gúúsù Áfíríkà, ní Paarl, Stellenbosch àti Swartland, fẹ̀ ju ti Faransé lọ.

Wáìnì tó bàjẹ́ wà o, n kò jiyàn. Ooru ló ń bà á jẹ́. Ẹ wo bí a ṣe ń to páálí sábẹ́ páànù láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Èyí tó bàjẹ́ á ṣókùnkùn nínú ìgò, á máa rùn bí ọtí kíkan. Mo ṣí ìgò kan nínú àwọn tí wọ́n dá padà, ó mọ́ kedere. Mo gbé e sí fíríìjì, èmi àti ìyàwó mi sì fi jẹ ẹ̀pìyà yíyan lálẹ́ ọjọ́ náà. A mu ún tán.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń kọ nípa ọtí òde, ẹ máa dárúkọ èso rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti gbìn ín. Ẹ kọ Paarl síbẹ̀. Àwọn tí a jọ já a ṣì wà nínú oko náà.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́tí kan ní Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó