Fúnmi, ọ̀rọ̀ Màmá rèé o

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

Àbí òtútù Hamburg ti gbé ọ mì ni? Tósìn ti wọ yunifásítì, ẹsẹ̀ mi ti sàn, bàbá Tósìn ń kí ọ. Ó parí. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ló wà nílẹ̀.

O mọ̀ pé bàbá Màmá ò fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Jámánì létí rẹ̀. A tú àpótí rẹ̀, la bá rí ìwé pélébé kan tí Red Cross bá ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i nígbà ogun Hitler. Ọ̀rọ̀ 25 péré ni wọ́n ń gbà kí èèyàn kọ. Ọmọ tó fi sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1939, ọ̀rọ̀ 25! Èmi tí mo fi wákàtí kan bá Tósìn sọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ìyá náà tún fi Sara mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Òfin ló fi dandan lé e fún àwọn obìnrin Júù. Israel ni ti ọkùnrin. Ìjọba ń sọ àgbà lórúkọ!

Láti ìgbà náà Màmá ò sùn dáadáa mọ́. A kọ̀wé sí Bad Arolsen, níbi tí wọ́n kó ìwé àwọn tí Násì fìyà jẹ jọ sí. Èsì dé sórí fóònù mi: ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1941, wọ́n kó ìyá náà àti ọkọ rẹ̀ láti Hamburg lọ sí àhámọ́ Łódź ní Poland. Ibi tí mo kà fún Màmá mọ nìyẹn. Ó kù nísàlẹ̀: oṣù Kárùn-ún 1942, Chełmno. Inú ọkọ̀ tí wọ́n tú èéfín olóró sí ni wọ́n ti ń pa èèyàn níbẹ̀. Ọkọ mi ní n má sọ ọ́, pé ẹ̀jẹ̀ Màmá ń ru. Ṣùgbọ́n bí fóònù mi bá ti dún, ojú mi ni Màmá ń wò.

Àbúrò ìyá tó kọ ìwé pélébé náà sá lọ sí Shanghai nígbà náà, torí wọn ò béèrè físà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní São Paulo báyìí, ó fi fọ́tò ránṣẹ́: imú Màmá gẹ́lẹ́! Ní ti àbúrò ọkọ mi, ìwé ìrìnnà Jámánì ló ń lé. Òfin wọn gbà pé kí àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí Násì gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ wọn tọrọ rẹ̀ padà. Mo rántí gbogbo ọdún tí o fi tò fún tìrẹ, ẹ̀rín pa mí, omi sì lé sí mi lójú.

Jọ̀ọ́, bá mi lọ sí Lohsepark, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Hamburg yín. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ń kó wọn lọ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ èèyàn tó lé ní 8,000 síbẹ̀. Mo kọ orúkọ méjèèjì sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Wò ó bóyá wọ́n wà níbẹ̀, kí n tó mú Màmá wá, torí wọ́n ti ní dandan àwọn ń bọ̀.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ṣófo? Màmá kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ wọ́n ń jẹ ata jù ọ́ lọ.

Èmi ni,
Ìyábọ̀