Kí Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Lè Pa Fóònù

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ẹ̀yin òbí máa ń bi mí bóyá kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ pátápátá. Gbígbà nìkan kò tó. Òwe 25:28 fi ẹni tí kò lè kóra rẹ̀ níjàánu wé ìlú tí odi rẹ̀ ti wó. Bí òbí bá ti fóònù pa, odi òbí nìyẹn. Ọmọ kò tíì mọ odi tirẹ̀. Fóònù yìí kan náà sì lè jẹ́ ibi tí yóò ti kọ́ bí a ṣe ń mọ ọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, Walter Mischel, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ọmọdé yàn: kí wọ́n jẹ ìpápánu kékeré kan lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró gba èyí tó dára jù ú lọ. Àwọn tí wọ́n gbé ìpápánu kúrò níwájú wọn dúró pẹ́ ju àwọn tó ń rí i lọ. Àwọn kan bojú, àwọn kan ń kọrin. Ọgbọ́n ni wọ́n ta, ọgbọ́n sì ṣe é kọ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí fídíò mìíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí YouTube. Ọmọdé kì í ráyè sọ pé "ó tó" nígbà tí fídíò kò dáwọ́ dúró. Kó tó bẹ̀rẹ̀ géèmù, ẹ jẹ́ kó sọ ibi tí yóò dúró sí, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò áláàmù. Bó bá dún, ẹ má já fóònù gbà. Ẹ ní sùúrù, kí òun fúnra rẹ̀ pa á. Ọjọ́ mìíràn kò ní í lè ṣe é; ẹ jẹ́ kó tún gbìyànjú lọ́jọ́ kejì. Family Link ti Google, ìyẹn áàpù tí òbí fi ń díwọ̀n bí ọmọ ṣe ń lo fóònù, dára fún àwọn tó ṣì kéré, àmọ́ ẹ máa dẹwọ́ rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

(Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ọmọ ọwọ́ o. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti ẹ̀rọ rárá, kí ti ọdún 2 sí 4 má sì kọjá wákàtí 1 lójúmọ́.)

Lọ́sẹ̀ yìí, kí òbí náà ṣètò áláàmù tirẹ̀ lójú ọmọ. Bó bá dún, ẹ sọ fún un pé ó ṣì ń wù yín láti máa tẹ fóònù, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀.

Olùṣọ́-àgùntàn yín