Ìyá Ìbejì, mo rí eku òkun

Aberdeen, alẹ́ Sunday

Ìyá Ìbejì mi,

Mo kí ẹ o. Mo kí ọkọ ẹ, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé, mo kí gbogbo ará ilé. Voice note ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, mo ti ká a ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ń pa á rẹ́, torí tí mo bá ti dé àárín ọ̀rọ̀ ohùn mi á yí padà, ìwọ náà sì nìyẹn, wà á ní "kí ló ń ṣe ẹ́". Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ó ṣáà wù mí kí n kọ ọ́ ni, bíi ìgbà tá a wà ní hostel tá a máa ń kọ lẹ́tà síra wa tá a bá ń bínú, ìwọ lórí búńkì òkè, èmi nísàlẹ̀.

Ìròyìn àkọ́kọ́: mo rí eku òkun. Má tíì rẹ́rìn-ín. Ìjì jà níbí fún odidi ọjọ́ méjì, afẹ́fẹ́ tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ ọmọlúàbí rárá, ìgbà tó wá rọlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé mo ní kí n lọ na ẹsẹ̀ létí òkun. Òkun tó o mọ̀ ní Èkó, tó gbóná, tí wọ́n ń ta súyà létí ẹ̀, gbàgbé ìyẹn. Òkun Àríwá lèyí, àwọ̀ eérú, omi bíi ti fíríìjì, èèyàn mẹ́ta àti ajá márùn-ún ló wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ mo rí nǹkan onírun kan láàárín koríko òkun tí ìgbì gbé jáde, mo ní háà, wíìgì ẹnì kan ti já bọ́. Mo tiẹ̀ káàánú onítọ̀hún. Mo sún mọ́ ọn, ó wá dà bí òkú eku, mo sáré padà sẹ́yìn, o ṣáà mọ èmi àti eku láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò ní ìrù, kò ní etí, kò ní ojú tó ṣeé tọ́ka sí. Ni mo bá fi bàtà yí i padà, mo rí ikùn ẹ̀: ó ràndú bí odindi ọṣẹ tí wọ́n ti lò díẹ̀, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, ìlà sì gba ibú ẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí òrùka tí wọ́n tò sí ara wọn. Mo dá pariwo láàárín àwọn òyìnbó, "Annelid ni o, aràn olórùka!" Ajá kan dúró ó ń wò mí.

Aphrodita aculeata nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Òun la rí nínú photocopy tí íńkì ti pa yẹn, tó o ní bùrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yà síbẹ̀, pé kò lè jẹ́ nǹkan ẹlẹ́mìí. Àwọn ará ibí ń pè é ní eku òkun, ṣùgbọ́n òun àti ekòló ló jọ ń jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Mo dì í sínú nylon búrẹ́dì, mo gbé e délé, mo fi sínú abọ́ ice cream (o mọ̀ pé ice cream ò sí nínú ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á, ọbẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀).

Ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 11, àwọn míì máa ń tó 20. Gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ni irun wúrúwúrú bò, irun tó ti hun mọ́ra bíi kìjìpá tó gbó, tí ẹrẹ̀ há sí. Mo ń fi forceps tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí lórí ọmọ, abẹ́ ẹ̀ ni mo ti rí ìpẹ́, ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gorí ara wọn bíi páànù òrùlé, 15 lápá ọ̀tún, 15 lápá òsì. Kì í ṣe fún fáàrí o. Inú ẹrẹ̀ ni kinní yìí ń gbé, á ki orí bọlẹ̀ á fi ìdí nìkan sílẹ̀ lókè, kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí, ìdí ló fi ń wá atẹ́gùn. Kò ní nǹkan ìmí bí ẹja ṣe ní in ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi ń mí, torí náà àwọn ìpẹ́ yẹn á máa gbéra wọ́n á máa sọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, wọ́n á máa fa omi gba orí awọ yẹn kọjá, irun òkè wá dà bí asẹ́ tí ò ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ palaba-palaba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí àjẹ̀ ọkọ̀, òrùka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì pín sí méjì: apá ìsàlẹ̀ ní irun líle dúdú tó fi ń rìn, apá òkè ló ń hu irun tó bo ẹ̀yìn. Orí ẹ̀ ni mo wá tì. Ó kéré, ó fi pamọ́ sábẹ́, ìwo kékeré kan láàárín àti nǹkan méjì gígùn bí ọwọ́ tó fi ń tọ́ ilẹ̀ wò. Má wo bó ṣe ṣe pẹ̀lẹ́ yẹn o, ẹran ló ń jẹ, tí ebi bá dé á yí ọ̀fun síta bí ẹni ń yí àpò sòkòtò síta, aràn bíi tiẹ̀ ni o, alákàn kékeré ni o, ó parí fún un.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì. Irun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo yí i báyìí ó pupa, mo yí i báyẹn ó di wúrà, ó di àwọ̀ ewé, ó di búlúù bí ìyẹ́ ọ̀kín. Kò sí aró kankan nínú ẹ̀. Ní 2001 àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ihò tín-tìn-tín ló wà nínú igi irun yẹn, tí wọ́n tò bí afárá oyin, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà jáde níbẹ̀ ló ń sọ àwọ̀ tí ojú ẹ máa rí. Nínú ẹrẹ̀ tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀ òkun, ta ló ń múra fún? Ohun tí irun náà sì jẹ́, kítíìnì ni, kítíìnì tó wà lára èèpo edé gan-an. Mo ní inú màmá mi á dùn síyẹn, àwọn tó ń ta edé, mo pè wọ́n, wọ́n ní "ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́?" Màá padà sórí ọ̀rọ̀ màmá.

Linnaeus ló fún un lórúkọ ní 1758, ó sì lọ mú orúkọ òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Gíríìsì. Bí ẹni pé èèyàn rí nǹkan onírun nínú potopoto ó ní Ọ̀ṣun nìyí. Wọ́n ní ohun tí ikùn ẹ̀ jọ lójú ọkùnrin ló fà á, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ torí mo mọ̀ pé Táyé máa ń ka fóònù ẹ.

Wà á ní inú mi ń dùn. Inú mi dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n á bu ẹrẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ òkun nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa epo, wọ́n á sẹ́ ẹ, àwa á ṣa ohun tó kù, á á sọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á á kà wọ́n. Aràn onírun bíi ti eku òkun yìí ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kéékèèké. Tí irú Capitella, aràn tó lè fara da ìdọ̀tí, bá ti ń pọ̀ tí àwọn tó kù ń dín kù, wọ́n á mọ̀ pé ibẹ̀ ti dọ̀tí. Torí náà ẹni tó bá ṣi orúkọ kọ ti ba ìṣirò jẹ́, èmi sì ti ṣi orúkọ kọ.

Rántí bá a ṣe máa ń pín wọn kí ìdánwò tó dé: ìlú ni Annelida, ìlú àwọn olórùka, Polychaeta ni àdúgbò, onírun púpọ̀, Phyllodocida ni agboolé, ojúlé wá wà nínú ẹ̀ rẹpẹtẹ. Eku òkun wà lójúlé Aphroditidae. Àwọn tó gbé mi ṣubú wà lójúlé kejì, Polynoidae, onípẹ́ làwọn náà àmọ́ wọn ò ní irun wúrúwúrú yẹn lórí. Harmothoe ní ìpẹ́ méjì-méjì lọ́nà 15. Lepidonotus squamatus ní tiẹ̀ lọ́nà 12, bíi ihò ọpọ́n ayò, bí mo ṣe ń rántí ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rí ọ̀kan nínú ìgò, mo ka ẹ̀yìn ẹ̀, 12, mo kọ Lepidonotus, mo kọjá lọ. Ọ̀gá mi tún un wò (wọ́n ní kí n máa pe orúkọ ẹ̀ lásán, ẹnu mi ò gbà á, "excuse me" ni mo sọ ọ́ lórúkọ), ó pè mí, kò pariwo, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù lára wọn nìyẹn, wọn kì í pariwo. Ó ní ṣé ìpẹ́ ni mo kà àbí ibi tí ìpẹ́ ń jókòó sí?

Harmothoe, tí wàhálà bá dé á já ìpẹ́ sílẹ̀ bí ọmọọ́lé ṣe ń já ìrù. Lepidonotus kì í fẹ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀. Méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta ti bọ́ lára èyí tí mo rí, kùkùté wọn sì wà níbẹ̀ gbangba, mi ò wò ó. Òrùka 2, 4, 5, 7, látibẹ̀ á máa fo ọ̀kan-ọ̀kan títí dé 23, ibẹ̀ ni ti Lepidonotus parí sí, ti Harmothoe á tún lọ 26, 29, 32. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí bí oríkì, mò ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Odindi ìgò 44 ni wọ́n ní kí n tún wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Contract mi máa parí lóṣù tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan, ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń rín sí mi.

Ẹ̀n-ẹ́n, kí n má gbàgbé, fún kíláàsì ẹ: bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé onírun púpọ̀ lọ́tọ̀, ekòló lọ́tọ̀, eṣúṣú lọ́tọ̀, ìyẹn ti yẹ̀. Wọ́n ti fi DNA wò ó, inú àdúgbò àwọn onírun púpọ̀ gangan ni ekòló àti eṣúṣú ti jáde, wọ́n kàn gé irun ni. O rántí ọjọ́ tí wọ́n ní ká fi ìka ra ikùn ekòló, tó ń họ wá lọ́wọ́ díẹ̀? Ìyókù irun ẹ̀ nìyẹn.

Ìròyìn yòókù: wọ́n ti fowó kún ilé mi, ikọ́ ti lọ, Ṣadé bí ọkùnrin, ẹni tó o mọ̀ yẹn sì ti gbéyàwó, mo wo fọ́tò wọn ẹ̀ẹ̀kan péré, irọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Màmá mi wá. Mo ní mo sọ̀rọ̀ eku òkun fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́, mo ní rárá o. A sọ̀rọ̀ míì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní, "Kí lo tiẹ̀ ní o rí létí òkun?" Mo tún un sọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ò gbọ́ ọ rí, "Ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́?" Mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, bóyá ariwo ọjà ni. Ìgbà tó yá wọ́n ní, "Bísí, kẹrosíìnì tí mo rán ẹ dà?" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró kí n dáhùn. Ìgbà wo la lo sítóòfù kẹ́yìn nílé wa, Ìyá Ìbejì? Ṣé ìwọ náà rántí? Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, pé èmi ni mo jókòó sí ìlú òyìnbó tí mò ń wá àìsàn fún wọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Tó o bá lọ Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, jọ̀ọ́ yà sí ìsọ̀ wọn. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Ra edé kóńgò kan, fún wọn lówó ńlá tí wọ́n á fi ní láti wá ṣéńjì, kó o wá máa wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kà á. Tí wọ́n bá ṣì í, má tọ́ wọn sọ́nà, jẹ́ kí wọ́n kà á tán. Wo bóyá wọ́n á béèrè àwọn ìbejì láìjẹ́ pé o dárúkọ wọn. Kó o wá sọ ohun tó o rí fún mi, kì í ṣe ohun tó o rò pé mo fẹ́ gbọ́, mo mọ̀ ẹ́, aláàánú ni ẹ́, má ṣàánú mi lórí èyí.

Mo ti fi 10,000 náírà sínú account ẹ, owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Lọ́la mo máa gbé eku òkun lọ fún "excuse me" kó rí i, mo ti ka ìpẹ́ ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ti edé yẹn, tí wọ́n bá ní kó o máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ti dá ẹ mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n sanwó ẹ̀ ṣá.

Èmi ni,
Bísí