Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi: kí lẹ rí nínú igbó yẹn gan-an?

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ibi tí ọmọ yín ti máa sìnrú ìlú ti jáde o. Cross River. Obubra ni káàǹpù wọn. Ó ń fò sókè nínú pálọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ọ̀nà ọ̀dọ̀ Dádì Kàlàbá náà mà ni!" Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, mo wọ kíṣìnnì lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo ayé ń gbé fọ́tò yín sórí WhatsApp, èmi ò kọ nǹkan kan, inú ń bí mi ni.

Ẹ rántí 1999. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ WAEC tán, ẹ̀yin ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Akamkpa, Màámi ní kí n gbé gàrí àti àádùn wá fún yín torí ẹ kọ lẹ́tà wálé pé ewé ni wọ́n ń fún yín jẹ bí ewúrẹ́ (ewé afang yẹn náà tẹ́ ẹ padà wá ń jẹ títí ayé yín). Ọjọ́ mẹ́ta tí mo dé lẹ ní ẹ ń mú mi lọ wo gọ̀rílà nínú páàkì ìjọba, Cross River National Park.

Irọ́ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Apá méjì ni páàkì yẹn, Oban tá a lọ, àti Okwangwo tó wà lókè lọ́hùn-ún létí ààlà Kamẹrúùnù, Okwangwo yẹn ni gọ̀rílà wà, èyí tó sì ṣẹ́ kù nínú irú wọn láyé ò tó 300. Kò sí gọ̀rílà ní Oban tá a lọ. Kí lẹ wá fẹ́ fi hàn mí?

Èmi tí mo rò pé mo mọ igbó o, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ọ̀bọ ti já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Àṣé ẹ̀yìnkùlé ni tiwa. Táàmù tó kọjá mo fi ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ JSS 2: igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75, páàkì yẹn tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà níbùú-lóòró, ẹ̀ẹ̀melòó ni tiwa máa wọ inú ẹ̀? Ó lé ní ìgbà 5,000. Ọmọ kan ní, "Áńtí, ṣé Ọ̀ṣun ò ní sọnù síbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan sọ.

Oòrùn ò kanlẹ̀ níbẹ̀. Aago mọ́kànlá àárọ̀, àfi bíi pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Gbòǹgbò igi ga jù mí lọ, ó dúró bí ògiri. Òjò ti dá, ewé ṣì ń kán omi sí wa lọ́rùn. Ráńjà tó ń ṣíwájú ń já wáyà táwọn ọdẹ fi dẹ pàkúté, ó ń ká a sínú àpò, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé odò.

Igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbé dábùú odò ni afárá. Omi yẹn mọ́ débi pé mò ń rí òkúta ìsàlẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe Ọ̀ṣun tiwa tó ti pọ́n bíi tíì báyìí látọwọ́ àwọn tó ń wa góòlù lókè. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Jókòó síbẹ̀, má kúrò o, mò ń bọ̀ báyìí." Ẹ̀yin àti ráńjà kọjá.

Mo ṣe àdúà, mo tún un ṣe. Ọmọ Òṣogbo kúkú ni wá, a mọ ìtàn igi tó wó sódò tó fọ́ ìkòkò aró, mò ń dúró de ohùn láti inú omi. Ẹ̀yìn mi ni nǹkan ti wá ń mí. Ẹ̀ka ń ṣẹ́, ó ń sún mọ́, ó dúró. Mi ò yíjú wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún!

Nígbà tẹ́ ẹ máa padà, ẹ ti tutù dé àyà, fìlà abetí-ajá tí Màámi rà fún yín ò sí lórí yín mọ́, ojú yín ń dán. Ẹ ò ní pẹ̀lẹ́. Ẹ kàn ní, "Mo rí i." Kí lẹ rí? "Mo rí i ni mo wí." Ráńjà ò wojú mi.

Mo bi yín nígbà ìgbéyàwó yín, mo bi yín lórí fóònù, ẹ̀rín ni, "tá a bá jọ padà débẹ̀ màá fi hàn ẹ́." Ìgbà wo? Fìdáù Màámi, ẹ ní ẹ ń bọ̀, mo fi àga yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààfáà, ó ṣófo títí wọ́n fi tú kánópì. Kíndìnrín ń dà yín láàmú odindi ọdún kan, "mo wà dáadáa" lẹ̀ ń wí. Àbí ẹ mọ̀ pé mi ò lówó ni? Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ọ̀yàn jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin, bàbá àwọn ọmọ ti ta ọ̀kadà, owó ọkọ̀ ọmọ yìí, àjọ ni mo tọrọ kí wọ́n jẹ́ n kó ṣáájú. Ẹnì kan ní kí n mówó wá kóun bá mi yí ibi tí wọ́n pín in sí padà sí Ọ̀ṣun. Mo rò ó o, mi ò purọ́. Kàlàbá ti gba ẹnì kan lọ́wọ́ mi.

Ó ti ń bèèrè ọ̀nà páàkì báyìí, ó ní òun á ya fídíò.

Ọjọ́rú ló ń lọ. Mo ti yan àgbàdo tí màá fi ṣe àádùn. Bọ̀ọ̀dá mi, tẹ́ ẹ kọjá igi yẹn tán, ọwọ́ wo lẹ yà sí?