Ìbéèrè tí wọ́n sọ fún wa kọ́ ni a bá nínú ìwé ìdìbò

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Amẹ́ríkà, èyí tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, ni ó mú kí èmi náà mú bíírò. Ó kọ ọ́ pé àwọn olùdìbò ní ìpínlẹ̀ bí ìpínlẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn dìbò pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan nìkan ni kí ìjọba máa kà sí tọkọtaya, pé adájọ́ márùn-ún péré ni wọ́n wá jókòó sí Washington tí wọ́n da ìbò náà nù bí ẹni da omi ìṣanwọ́ nù. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ìbò àwọn ará ìlú ni ó ń gbé ìjọba ró lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó lè wọ́ ọ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

N kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2004 nìkan, ìpínlẹ̀ 13 ni ó fi ìbò kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn, 11 nínú wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n tún dìbò yan George W. Bush, ní Mississippi, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó dìbò ni ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí North Carolina fi máa ṣe tirẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ó ti pé ìpínlẹ̀ 30. Òótọ́ sì tún ni pé ìdájọ́ Obergefell, ti ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí ó sọ gbogbo wọn di aláìlágbára ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2015, adájọ́ 5 ni ó fara mọ́ ọn tí 4 sì kọ̀ ọ́. John Roberts, olórí àwọn adájọ́ náà, wà lára àwọn 4 yẹn, ohun tí ó kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sì jìnnà sí ẹ̀dùn ọkàn òǹkàwé yín, pé àwọn ará ìlú ni ó yẹ kí a fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti bi í: kí ni àwọn olùdìbò wọ̀nyẹn rò pé wọ́n ń dìbò lé lórí? Mo ń béèrè nítorí pé èmi náà dìbò nínú irú rẹ̀ rí, ìbéèrè tí wọ́n sì sọ fún mi kọ́ ni mo bá nínú ìwé ìdìbò.

Minnesota ni mo ń gbé, nọ́ọ̀sì sì ni mí. Ọdún 2012 ni ìgbà kejì tí mo máa dìbò láti ìgbà tí mo ti di ọmọ onílùú níbí. Nínú ìjọ wa, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà ti pọ̀ jù, kò sí ọjọ́ ìsinmi kan láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí di ọjọ́ ìbò tí a kò mẹ́nu ba ìbò tí Minnesota fẹ́ dì lórí ọ̀ràn ìgbéyàwó yìí. Wọ́n sọ fún wa pé bí «bẹ́ẹ̀ ni» kò bá borí, ọlọ́pàá yóò wá mú pásítọ̀ èyíkéyìí tí ó bá kọ̀ láti so ọkùnrin méjì pọ̀ níwájú pẹpẹ. Mo gbà á gbọ́. Èmi gan-an pe àwọn ènìyàn lórí fóònù, mo sì ń tún un sọ fún wọn bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí nígbà tí mo wá rí àwòṣe ìwé ìdìbò náà, ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí, bí mo ṣe lè sọ ọ́ lédè wa: «Ṣé kí a ṣe àtúnṣe sí òfin ìpìlẹ̀ Minnesota, kí ó lè sọ pé ìsopọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan nìkan ni yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tàbí tí a ó kà sí ìgbéyàwó ní Minnesota?»

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò rí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, n kò rí pásítọ̀, n kò rí pẹpẹ. Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni pé òfin ti wà ní Minnesota láti ọdún 1997 tí ó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sì ti lé ọkùnrin méjì tí ó wá béèrè fún ìwé àṣẹ ìgbéyàwó padà láti ọdún 1971. Èyí ni pé bí gbogbo wa bá sọ pé «rárá», ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ bá òfin kan náà lórí àga; kò sí ọkùnrin méjì kankan tí yóò lè lọ gba ìwé àṣẹ. Kí wá ni ìbò náà wà fún? Ó wà fún kíkó ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú òfin tí àwọn aṣòfin lè jókòó yí padà, kí a sì lọ tì í mọ́ inú òfin ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo, kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa má baà tó o bí èrò wọn bá yàtọ̀ sí tiwa. Ìbéèrè tí ìwé ìdìbò náà béèrè nìyẹn, a kò sì gbọ́ ọ láti orí pẹpẹ wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní ọdún 2009, ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wá, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin tí ó bá a wá ti lé ní 70 ọdún, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń gbé fún ohun tí ó lé ní 30 ọdún. Mo fún un ní fọ́ọ̀mù pé kí ó kọ ọ́. Nígbà tí ó dé ibi tí a ti ń béèrè ohun tí ó jẹ́ sí aláìsàn, ó dúró. Bíírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ó kọ «ọ̀rẹ́», ó fa igi lé e, ó kọ «alájọgbé», ó sì da ojú fọ́ọ̀mù náà dé kí ó tó nà án sí mi, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n kà á lójú òun. Òun ni ó sọ fún mi pé oògùn kan wà tí ara ẹni kejì òun kì í gbà, ó sì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé kí ẹnì kan fọwọ́ sí ìtọ́jú, àbúrò aláìsàn náà ni wọ́n pè, ọkùnrin kan tí ó ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn, tí kò sì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa lórí fóònù, ẹni tí ó mọ ìdáhùn sì jókòó sí ọ̀nà àbákọjá, ó gbé báàgì ìyá náà lé itan.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni hùwà ìkà lóru ọjọ́ náà. Dókítà tẹ̀lé òfin, èmi náà tẹ̀lé òfin. Ohun tí ìwé àṣẹ ìgbéyàwó láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń ṣe nìyẹn: ó ń sọ ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí aláìsàn kò lè fọhùn, ẹni tí yóò jogún ilé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé ikú gẹ́gẹ́ bí ọkọ tàbí aya. Ìbùkún tí ìjọ ń fúnni yàtọ̀. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wa, nítorí a mọ̀ pé ìdána lọ́tọ̀, ìwé kóòtù lọ́tọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́tọ̀, ẹlòmíràn a sì ṣe ọ̀kan láìṣe ìyókù. Ìwé kóòtù nìkan ni ìbò náà kàn. Ẹ̀kọ́ ìjọ mi lórí ìgbéyàwó kò yí padà, n kò sì ní kí ó yí i padà. Ṣùgbọ́n mo lè di ẹ̀kọ́ yẹn mú ṣinṣin láìsọ pé kí obìnrin tí ó jókòó sí ọ̀nà àbákọjá yẹn jẹ́ àjèjì sí ẹni kejì rẹ̀ títí láé.

Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Minnesota ń jiyàn lórí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2011 bóyá kí wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn olùdìbò, aṣòfin kan tí ń jẹ́ John Kriesel, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ọmọ ogun tí bọ́ǹbù gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní Iraq, dìde láti tako ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó gbé àwòrán ọmọ ogun kan sókè, Andrew Wilfahrt, ọmọ Minnesota tí ó kú sí ojú ogun ní Afghanistan ní oṣù kejì ọdún náà, tí ó sì jẹ́ ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀. Kriesel kò lè wo àwòrán náà kí ó sọ pé ẹni tí ó kú fún orílẹ̀-èdè kò tó ẹni tí ó lè ṣe ìgbéyàwó. Ìbò 70 sí 62 ni wọ́n fi gbé e kọjá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìdá 51 lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wa sọ pé «rárá», ìdá 47 lé díẹ̀ sọ pé «bẹ́ẹ̀ ni», àwọn tí ó fi àyè náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, òfin ìpínlẹ̀ wa sì kà wọ́n mọ́ àwọn tí ó kọ̀. Àwọn kan lára àwọn tí mo pè lórí fóònù, mo tún wọn pè kí ọjọ́ ìbò tó dé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, àwọn aṣòfin fúnra wọn yí òfin náà padà kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lè ṣe ìgbéyàwó, Gómìnà Mark Dayton fọwọ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìgbéyàwó ti ìjọba ni òfin náà ń sọ, wọ́n sì dáàbò bo ìjọ àti olórí ìjọ tí kò bá fẹ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Kò sí ọlọ́pàá tí ó wá sí ìjọ wa.

Ní ti adájọ́ àti olùdìbò, mo fẹ́ kí òǹkàwé yín rántí àwọ̀ ara èmi àti òun. Ní ọdún 1958, Richard Loving tí ó jẹ́ òyìnbó àti Mildred tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú lọ ṣe ìgbéyàwó ní Washington, wọ́n sì padà sílé ní Virginia. Orí ibùsùn wọn ni ọlọ́pàá ti wá kó wọn lóru, adájọ́ sì ní kí wọ́n kúrò ní ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 25 tàbí kí wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá wọn láre ní ọdún 1967, ìpínlẹ̀ 16 ṣì ní irú òfin yẹn. Ṣé kí wọ́n ti kọ́kọ́ dúró dìbò? Ní Alabama, gbólóhùn tí ó ka ìgbéyàwó láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú léèwọ̀ wà nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn láti ọdún 1901 títí di ọdún 2000, ọdún 33 lẹ́yìn tí ìdájọ́ ti pa á. Nígbà tí wọ́n wá dìbò láti yọ ọ́, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi tí mo ní ọmọ tí ó fẹ́ òyìnbó, n kò lè ka ìyẹn kí ara mi má gbọ̀n.

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lónìí lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ó sùn ni, kò kú. Òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa ka ìgbéyàwó tí a ti ṣe lọ́nà òfin níbòmíràn sí, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e pé kí ìpínlẹ̀ kankan máa fúnni ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Bí ìdájọ́ ọdún 2015 bá wó, gbólóhùn tí ó sùn náà yóò jí. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùdìbò fúnra wọn fi ń lọ yọ ọ́: Nevada ní ọdún 2020, California, Colorado àti Hawaii ní ọdún 2024. Ní California, tí ìdá 52 ti fi ìgbéyàwó náà léèwọ̀ ní ọdún 2008 lẹ́yìn tí nǹkan bí tọkọtaya 18,000 ti gba ìwé àṣẹ, ó lé ní ìdá 60 tí ó ní kí wọ́n yọ ọ́ ní ọdún 2024. Àwọn olùdìbò Maine kọ irú ìgbéyàwó yìí ní ọdún 2009, wọ́n gbà á ní ọdún 2012. Bí òǹkàwé yín bá bọ̀wọ̀ fún ìbò, kí ó ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín, Olóòtú. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń dìbò níhìn-ín ni ó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni a ti ń gbọ́ ohun tí ìwé ìdìbò sọ. Nígbàkígbà tí ìpínlẹ̀ kan bá tún fẹ́ dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, yálà láti fi gbólóhùn náà sí i ni o tàbí láti yọ ọ́ kúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ ìbéèrè náà gan-an jáde lédè Yorùbá ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ìbò, ní odindi, láìbù kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, mo ṣetán láti ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Minnesota